Téèpù Mi Ló Kọ́kọ́ Mọ̀

Tẹ́lọ̀ ni mí. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ránṣọ obìnrin ní Ẹ̀pẹ́, ní apá Lágbàdé, ojú tí mo fi ń wo ènìyàn sì ti yàtọ̀. Bí obìnrin bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kó tó kí mi tán ni mo ti mọ èjìká rẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Mo máa ń mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Mo mọ ẹni tí ìyà ń jẹ nílé, nítorí aṣọ tí mo rán fún un lọ́dún tó kọjá á ti máa yí i lára bí àpò. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìwọ̀n mi, ìwé kan báyìí tí èèpo rẹ̀ ti já tí mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀.

Orúkọ kan wà nínú ìwé yẹn tí ọwọ́ mi kò tíì gbà láti fi bírò fà lé. Ìyá Ìbejì ni mo kọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọ ẹgbẹ́ mi ni. Jẹjẹrẹ ọmú ló mú un lọ nínú oṣù Rámádánì ọdún 2025.

Kí ẹ tó lè mọ irú ènìyàn tó jẹ́, ẹ ní láti mọ ẹgbẹ́ wa. Obìnrin 26 ni wá. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń ṣèpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A ní alága, a ní akọ̀wé, a ní akápò. Ìyá Ìbejì ni Púrófọ́ọ̀sì. Òun ló ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ láìgba àyè, ẹni tó bá wọ aṣọ tí kì í ṣe aṣọ ẹgbẹ́ wá. ₦500 ni ti pípẹ́. Nínú ẹgbẹ́ mìíràn, ẹni tó bá wà nípò yẹn, wọn kì í fẹ́ rí i sójú. Ní tiwa, àwọn kan wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó máa sọ. Ọjọ́ kan, Ìyá Alága ló pẹ́, láti ibi ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti ń bọ̀, gèlè gàgàrà lórí wọn. Ìyá Ìbejì dìde, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Ìyá wa. Ẹ kú ináwó. Ẹ san owó kí ẹ tó jókòó." Wọ́n san án. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ wá gbé e tí kò tètè dé, ó kọ orúkọ ọkọ náà sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ Bàbá Ìbejì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ₦500 lé e lọ́wọ́. Ìwé ìtanràn yẹn, ìwé ọmọ ilé ìwé ni, inú ọ̀rá dúdú ló máa ń wà kí omi ẹja má baà bà á jẹ́.

Ẹja ló ń tà, ní ọjà Olúwo. Ẹni tó bá ti dé ọjà yẹn láàárọ̀ mọ ariwo ibẹ̀: ẹja tútù, edé, akàn, ọ̀nì tí wọ́n dì lẹ́nu, olóúnjẹ, oníkùtà, àwọn ará Lekki tó gbé mọ́tò olówó ńlá wá tí wọn kò fẹ́ kí bàtà wọn kan omi. Ohùn Ìyá Ìbejì máa ń ga ju gbogbo wọn lọ. Ó máa ń ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja fún oníbàárà, á ní, "Wò ó, ó ṣì pọ́n. Ẹja kì í purọ́." Bó bá gbé ẹja dání, ó mọ iye kílò tó jẹ́ kó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kì í sì í tàsé ju díẹ̀ lọ.

Oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Aṣọ Káyókáyọ̀ la fẹ́ rán. Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè má mọ ohun tí Káyókáyọ̀ ń jẹ́. Ọdún àwa Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn Iléyá, tí a fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gba ojú omi wá sí Ẹ̀pẹ́, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé wọn kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851. Ká yó, ká yọ̀, orúkọ ọdún ti sọ ohun tí a ń ṣe níbẹ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ ọn, oorun kì í sí fún tẹ́lọ̀.

Ó wá wọnra. Mo ta téèpù yí i láyà, ó fi apá òsì mọ́ ara. Mo ní kó gbé apá sókè, ó gbé e díẹ̀. Mo wá wọn láti èjìká dé orí ọmú. Ọ̀tún: íǹṣì 10 àbọ̀. Òsì: 10. Mo tún un wọ̀n. Mo ṣí ìwé mi sẹ́yìn, ọdún 2019, ọdún 2017, 10 àbọ̀ ni méjèèjì. Ọmú ìyálọ́mọ a máa sọ̀ kalẹ̀ bí ọdún ti ń lọ. N kò rí èyí tó ń gòkè rí.

"Kí ló ṣe ibí yìí?" ni mo bi í.

Ó wo ọmọ iṣẹ́ mi. Mo rán ọmọ náà lọ ra òwú. Ó wá gbé bùbá rẹ̀ sókè. Ní apá òkè, lọ́nà abíyá, awọ ibẹ̀ ti rí wúruwùru bí èèpo ọsàn, ó sì ti wọnú díẹ̀ bí ibi tí a fi abẹ́rẹ́ fà. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi lé e. Ó le bí ẹkùrọ́, kò sì sún.

"Ó ti pẹ́ níbẹ̀," ló wí. "Kì í dùn mí. Ohun tí kì í dunni, kí la fẹ́ fi ṣe? Tẹ́lọ̀, má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bo àṣírí mi."

Aṣọ la fi ń bo àṣírí, èmi ni mo sì ń rán aṣọ. Mo gé bùbá yẹn kó tú díẹ̀ níwájú, mo yí dáàtì òsì, ìyẹn ibi tí a ṣẹ́ po fún ọmú, padà, mo fi okùn léèsì lé e lórí. Lọ́jọ́ ọdún, gbogbo ayé ní aṣọ òun ló dára jù. Ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ náà débi pé kò sí ojú tó lè rí i. Bí mo bá rántí ìyìn tí wọ́n yìn mí lọ́jọ́ yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi bá a bò ó.

Kì í ṣe pé kò wá ìwòsàn nínú oṣù mẹ́fà yẹn. Ó lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì kan, ìyẹn kó kápúsù fún un fún ọjọ́ méje. Ó lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n ní wàrà ló dì síbẹ̀. Wàrà! Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti pé ọdún 19 nígbà yẹn. Èmi fúnra mi ni mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ ìyá alágbo kan lọ́nà Pókà. N kò ní fi ìyá náà ṣẹ̀sín, nítorí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wo ibẹ̀ dáadáa, tó mi orí, tó ní kí a lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Àwa la kò lọ. A lọ síbi àdúrà, níbi tí wọ́n ti ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀rẹ́ mi kò gba ìyẹn gbọ́. Bí a ti jáde níbẹ̀ ló sọ̀rọ̀: "Maryam Babangida ńkọ́, aya ààrẹ, tó lówó tó báyẹn? Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin náà ló pa á ní 2009, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Ṣé ayé Ẹ̀pẹ́ ló wọ bàálù lọ bá a?"

Èmi rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe jẹjẹrẹ. Ó ti mọ̀. Mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2023, omi bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀. Lọ́fínńdà tó ń fi sára pọ̀ débi pé ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bi í bóyá ó ti fẹ́ ọkọ kékeré. Òun náà dá a lóhùn, gbogbo ilé pa ẹ̀rín. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè jẹun. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo lọ bá Ìyá Alága, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìyá Ìbejì kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọ̀rá dúdú rẹ̀, ó yọ ìwé ìtanràn, ó kọ ọ́ lójú mi: Tẹ́lọ̀, ẹnu jíjá, ₦5,000. Ó ní, "Ọjọ́ tí ara mi bá yá pátápátá ni n ó gbà á. Máa tọ́jú rẹ̀."

Ẹ rántí bí oṣù kejì ọdún 2023 ti rí. Ìjọba ní kí a kó owó àtijọ́ wá sí báǹkì, owó tuntun kò sì sí níta. Ìyá Ìbejì ní owó, ṣùgbọ́n inú fóònù ló wà, awakọ̀ tó máa gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kò sì gba ti fóònù. Obìnrin 25 yòókù ló tú ìdí ìró wọn wò, àwọn mìíràn mú ₦200, àwọn mìíràn mú owó tí wọ́n fi pamọ́ fún àwẹ̀. Owó wínníwínní yẹn, inú agolo mílíìkì la kó o sí.

Wọ́n ya fọ́tò ọmú, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ nínípọn gé díẹ̀ lára kókó náà. Èsì pẹ́ kó tó jáde, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì gùn bí ọ̀sẹ̀. Nígbà tó jáde, dókítà obìnrin kan tí kò tíì tó ọmọ wa àkọ́bí jókòó, ó ṣàlàyé fún wa pé ó ti dé ìpele kẹta, pé ó ti wọ àwọn kókó abíyá, ṣùgbọ́n wọn kò rí i níbòmíràn. Ó wá bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Mà, kí ló jẹ́ kó pẹ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin náà fẹ́ fáìnì mi ni, Dókítà?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ wojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú.

Òun ló ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo bi í nípa àìdùn kókó náà. Ó ní èyí tó ń dunni nínú ọmú, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kókó tí kò dunni, tó le, tó fà awọ wọnú, òun ló yẹ kí a sáré lé. Gbogbo ọjọ́ ayé wa la ti ń fi ìrora mọ àìsàn. Èyí kò ní ìrora. Ó ní ọkùnrin pàápàá ń ní in, nínú 100 tó bá ní jẹjẹrẹ ọmú, ọ̀kan tàbí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọkùnrin. Bàbá Ìbejì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì rí i. "Ẹ jẹ́ kí Tẹ́lọ̀ wọ̀n yín náà," ló wí.

Wọ́n ní kíímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un kí kókó náà lè súnkì kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ọjọ́ 21 láàárín ara wọn. A máa ń kírun Àsùbáà tán, a ó gba ọ̀nà Ìtòìkín bọ́ sí Ìkòròdú, láti ibẹ̀ dé Máìlì 12, kí a tó máa wá mọ́tò tó ń wọ ìlú. Ẹja yíyan ló máa ń gbé lọ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú oògùn náà pupa fòò, wọ́n ń fi sìríńjì tì í wọ iṣan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò ó, ó ní, "Zóbò rèé! Ẹ ò fi gíńjà sí i?" Nígbà tó lọ tọ̀, ìtọ̀ náà pọ́n, ó ké sí mi kí n wá wò ó. Àwọn obìnrin tó wà lórí àga yòókù, tí ojú gbogbo wọn ti kọ́rẹ́ lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí a bá ti dé, wọ́n á ní, "Ìyá Zóbò ti dé."

Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jábọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Èékánná rẹ̀ dúdú bí ti aláró. Ẹnu rẹ̀ bó. Gbogbo ìyẹn ló fi ṣẹ̀fẹ̀. Èyí tí kò lè fi ṣẹ̀fẹ̀ ni òórùn ẹja. Obìnrin tó ti fi ọdún 30 ta ẹja, kò lè gba ẹnu ọ̀nà Olúwo kọjá mọ́ láìbì. Kẹ́hìndé ló ń bá a tà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bá a lẹ́yìn ilé, ó mú òṣùwọ̀n ẹja dání, ó ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó ń fi imú gbọ́ ọ, ó tún ń fọ̀ ọ́. Kò mọ̀ pé mo dé. Mo padà sẹ́yìn, mo tún wọlé pẹ̀lú ariwo.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni Ààrẹ Tinúbú gorí àga tó sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kíímò kẹrin ló kàn nígbà yẹn. Owó tí a fi ń wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀ kò gbé wa dé Ìkòròdú mọ́. Ìyá Alága pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n ní kí a mú owó léèsì Káyókáyọ̀ fi tọ́jú rẹ̀. Ìjà dé. Àwọn kan ní a ti dá owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnìkan ní, "Ṣé ẹgbẹ́ ìwòsàn la dá sílẹ̀ ni?" N kò ní dárúkọ rẹ̀, a ṣì jọ ń jókòó, ṣùgbọ́n n kò tíì gbàgbé. Kí n sì má parọ́: ọkàn tèmi náà kọ́kọ́ lọ síbi owó ìránṣọ. Léèsì obìnrin 26, ìró àti bùbá, owó oúnjẹ oṣù méjì ni. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ṣùgbọ́n ó lọ síbẹ̀. Léèsì ọdún 2022 la tún wọ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gé ọmú náà. Ara rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ó ń rìn fẹ̀gbẹ́kan, èjìká òsì ń gòkè. Ọmú tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, a bi iye rẹ̀, a sì dákẹ́. Mo ní n ó rán an fún un. Fóòmù ni mo kọ́kọ́ lò, ó fúyẹ́ jù, ó ń gun òkè lọ sọ́rùn bó bá bẹ̀rẹ̀. A ronú títí. Òun ló ní, "Ohun tó bá wúwo bí èkejì la ń wá, àbí? Gbé òṣùwọ̀n wá." Ó ti yàrá, ó gbé ọmú ọ̀tún lé òṣùwọ̀n ẹja. Ó wò ó: gíráàmù 700 ó lé díẹ̀. Ó ní, "Bí èmi bá ni mò ń tà á, kílò kan ni n ó pè é."

Ọkà bàbà ló bá a mu. Mo ṣa á, mo sá a kó gbẹ, mo rán àpò kótìnnì alápá méjì, mo fi àpò inú sínú kọ́mú rẹ̀ kó má baà yẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tó wo dígí, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Bí ìyàn bá mú, n ó sè é jẹ."

Àkọ́kọ́ tí mo rán já lójú agbo. Ibi ìpàdé oṣù kọkànlá ni, wọ́n lu ìlù, ó jó, ojú rírán kan tú, ọkà bẹ̀rẹ̀ sí dà láti abẹ́ bùbá rẹ̀ sílẹ̀. Adìyẹ onílé sáré wọlé, wọ́n ń ṣà á. Gbogbo wa dúró bí igi. Èmi ni ojú tì jù, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. A fẹ́ lé adìyẹ náà. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ló wí, kò dá ijó dúró, "ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ọmú." Akọ̀wé wa rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé ó kọ mí sínú ìwé: rírán tí kò lágbára, ₦500. Ìyẹn ni mo san lójú ẹsẹ̀.

Ó lo ọmú ọkà náà fún nǹkan mìíràn. Ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ọ̀fẹ́ ni, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn wá gba ọjà pé abẹ́rẹ́ náà kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ lọ́jọ́ iwájú. Ìyá Ìbejì, tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ gbà á, ó sì gba Olúwo kọjá nígbà tó ń bọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bá a jiyàn. Kò bá wọn jiyàn rárá. Ó ki ọwọ́ bọ kọ́mú, ó yọ àpò ọkà náà jáde, ó jù ú sórí tábìlì ẹja. "Èyí ni wọ́n fi pààrọ̀ tèmi. Ti ọmú kò ní abẹ́rẹ́. Ti ilé-ọmọ ní. Ẹ máa jiyàn lọ." Kẹ́hìndé ló sọ fún mi, ó ní ojú ti òun débi pé òun sá lọ sẹ́yìn yìnyín.

Ìtànṣán ni wọ́n fi parí rẹ̀, ní Ìdí-Àràbà, níbi ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí lọ́dún 2019. Ọjọ́ 15, Monday sí Friday, ilé àbúrò rẹ̀ tó wà nítòsí ló ń sùn.

Ọdún 2024 dára. N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irun rẹ̀ hù padà, ó rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́. Ó padà sí Olúwo. Ní Káyókáyọ̀, a rí léèsì tuntun rà, mo wọ̀n ọ́n, ó wọ̀ ọ́, ó jó láti Pópó Ọba dé Marina Ẹ̀pẹ́. Mo rántí sọ fún un pé ara rẹ̀ ti yá, kó wá gba ₦5,000 rẹ̀. Ó ní, "Mo ní pátápátá."

Oṣù kọkànlá, ikọ́. A ní ọyẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí a ń fún nǹkan lórúkọ tó rọrùn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ méjì péré la fi dúró. Omi ti kún àyíká ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà fà á sínú ìgò, ó rí bí tíì tí kò ní mílíìkì. Dókítà ọmọdé wa yẹn ló tún sọ fún wa pé ó ti rìn dé ibẹ̀. Ìyá Ìbejì bi í bóyá ó máa rí ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ náà kò parọ́ fún un. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kan kí àwẹ̀ tó wọlé, mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bẹ̀ ẹ́ fún oṣù mẹ́fà yẹn. Mo ti ń gbé e káàkiri láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní bí mo bá sọ lọ́jọ́ tí téèpù sọ fún mi, bóyá ipele kìíní tàbí kejì ni wọn ìbá ti bá a.

Ó mí, ó tún mí, nítorí gbólóhùn kan ń gba èémí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. "Láti ìgbà tí a ti jọ wà nílé ìwé, o kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí. Ọjọ́ tí o wá gbọ́ rèé?"

Kò ní mo jẹ̀bi, kò sì ní n kò jẹ̀bi. Ó ní kí n bu omi fún òun.

Ó kú ní ìdájí, nígbà tí àwọn ènìyàn ń jẹ sààrì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti fẹ́ gbé e. Àwọn ìyá tó wẹ̀ ẹ́ ké sí mi nínú ilé. Aṣọ funfun wà nílẹ̀, ìyá kan mú sísọ́ọ̀sì dání. Ìyá Alága ní, "Tẹ́lọ̀, ìwọ ló mọ ìwọ̀n rẹ̀. Wá gé e." Ìpele márùn-ún ni ti obìnrin. Mo gé e. N kò mú téèpù, n kò sì ṣí ìwé. Nígbà tí mo gé e tán, ọwọ́ mi lọ sára bùbá mi níbi tí mo máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyá tó dàgbà jù níbẹ̀ rí mi, wọ́n rọra di ọwọ́ mi mú. Aṣọ yẹn, wọn kì í rán an.

Láti ìgbà náà, bí ìwọ̀n òsì àti ọ̀tún kò bá dọ́gba, mo máa ń sọ ọ́. Mo ti sọ fún obìnrin mẹ́rin. Ọ̀kan bínú kó aṣọ rẹ̀ lọ fún tẹ́lọ̀ mìíràn, ó ní mo ń ṣépè fún òun. Méjì kò ní nǹkan kan; ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà dá wọn ni. Ìkẹrin jẹ́ ọmọ ọdún 23, kókó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń yọ̀ lábẹ́ ìka. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún ìyá òun. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, ilé ìyá rẹ̀ ni a kọ́kọ́ yà kí a tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ó sunkún, ó bú mi dé ẹnu géètì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe jẹjẹrẹ, wọ́n ní irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọbìnrin. Kò tíì máa kí mi.

Owó ayẹ̀wò rẹ̀, ₦5,000 mi wà nínú rẹ̀. Àríyànjiyàn wà lórí owó náà nínú ẹgbẹ́. Akápò ní gbèsè ni, ó wà nínú ìwé. Akọ̀wé ní ẹni tó kọ ọ́ sọ ọjọ́ tó máa gbà á, ọjọ́ náà kò sì dé. Mo san án, mo sì ní ẹni tó bá ní aláìsàn kó gbà á. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ akápò nínú ọ̀rá dúdú. Púrófọ́ọ̀sì mìíràn la kò tíì yàn, ẹni tí a bá nawọ́ sí á ní òun kò lè ṣe é. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 25 ni mo wọlé ìpàdé. Mo dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ₦500 lọ́wọ́. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo wá lọ jókòó.